Èwo nínú àwọn àgọ́ Hitler ni kí èèyàn lọ wò?



Nínú ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì, orúkọ àgọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀: Auschwitz. Tí ẹnì kan bá ní òun ń lọ sí Yúróòpù, tí òun sì fẹ́ wo ibi tí àwọn Nazi kó èèyàn sí, Auschwitz náà ni gbogbo wa máa pariwo. Ṣùgbọ́n àwọn àgọ́ yìí pọ̀ gan-an. Wọ́n wà ní Jámánì, Póláńdì, Ọ́stríà, ilẹ̀ Czech, kódà ní Faransé, wọn ò sì jọra. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kàwé ní Jámánì ló bi mí lórí fóònù pé ọjọ́ kan ṣoṣo lòun ní, èwo ni kí òun lọ? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìdí ohun tí mo kọ síbí.

Oríṣi àgọ́ méjì ni ká kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Èkínní ni àgọ́ ìkónimọ́. Wọ́n á kó èèyàn síbẹ̀ láìsí ẹjọ́, wọ́n á fi wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹrú, ebi, àìsàn àti ìbọn á sì máa pa wọ́n. Irú ẹ̀ ni Dachau, tí wọ́n ṣí ní March 22, 1933, nígbà tí Hitler ò tíì lo oṣù méjì lórí àléfà. Àwọn alátakò òṣèlú ni wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn Júù, àwọn Roma, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, àwọn pásítọ̀ àti fadá, àtàwọn mìíràn. Oríṣi kejì ni àgọ́ ìpànìyàn, tí wọ́n kọ́ sí ilẹ̀ Póláńdì tí wọ́n gbà. Wọn ò kọ́ èyí kí èèyàn lè máa gbé inú ẹ̀ rárá. Ọkọ̀ ojú irin á já èrò sílẹ̀ láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, gáàsì ti pa wọ́n. Ní Treblinka, àwọn tí wọ́n pa tó nǹkan bí 800,000 sí 900,000. Àwọn Nazi fúnra wọn ló wó ibẹ̀ ní 1943 kí ayé má baà mọ̀. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí kò ní rí ilé kankan tó kù lára àgọ́ náà. Òkúta ló máa rí, òkúta tó tó 17,000, nínú igbó tó dákẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí lè dé Dachau kó máa wá ohun tó kà nípa Treblinka.

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa wá bi mí pé, “Kí ló kan àwa dúdú níbẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn. Bayume Mohamed Husen, ọmọ Dar es Salaam tí wọ́n bí ní 1904, ti bá àwọn ará Jámánì jagun láti kékeré nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó lọ gbé ní Berlin ní 1929, ó ń ṣe fíìmù, ó tún ń bá wọn kọ́ àwọn èèyàn ní èdè Swahili. Ní 1941 wọ́n mú un torí pé ó ń fẹ́ obìnrin aláwọ̀ funfun. Wọ́n jù ú sí Sachsenhausen, ibẹ̀ ló kú sí ní November 24, 1944. Gert Schramm ńkọ́? Ọmọ Jámánì ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí wọ́n kó o lọ sí Buchenwald ní 1944. Ẹ wo ọjọ́ orí yẹn dáadáa, ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú wa ni! Nígbà tí wọ́n bá ń tò wọ́n láti kà wọ́n, àwọn àgbà ẹlẹ́wọ̀n á fi í sáàárín ara wọn kí àwọn ẹ̀ṣọ́ má baà tètè rí i. Ó yè é. Ọdún 2016 ló tó kú. Èyí ló jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé tèmi ni Buchenwald, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dachau ló sún mọ́ ọn jù.

Ká sọ òótọ́, ìlú tí èèyàn bá wà ló máa ń pinnu. Ẹni tó bá wà ní Munich, ọkọ̀ S2 á gbé e dé ìlú Dachau ní bí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, bọ́ọ̀sì á sì gbé e débẹ̀. Láti Berlin, S1 ló ń lọ sí Oranienburg, níbi tí Sachsenhausen wà. Láti Weimar, bọ́ọ̀sì ń gun òkè lọ sí Buchenwald. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mauthausen wà nítòsí Linz ní Ọ́stríà. Ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn 186 wà, tí wọ́n ń mú àwọn ẹlẹ́wọ̀n fi ẹ̀yìn pọn òkúta gùn. Ti físà: físà Schengen kan náà ló gba gbogbo ilẹ̀ wọ̀nyí. Ẹni tó wà ní London pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà àti físà Britain nìkan, kò lè fi í wọ Jámánì o.

Auschwitz tóbi ju ti àwọn yòókù lọ. Nǹkan bí mílíọ̀nù 1.1 èèyàn ni wọ́n pa síbẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù kan nínú wọn jẹ́ Júù. Apá méjì ló ní: Auschwitz fúnra ẹ̀, níbi tí irun orí àwọn òkú, bàtà wọn, àti àpótí aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ ara wọn sí ṣì wà, àti Birkenau, bíi kìlómítà mẹ́ta síbẹ̀, ibi tí ojú irin wọ inú àgọ́ lọ. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, ó kéré tán, ni wọ́n ní kí èèyàn fi wò ó. Èèyàn gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lórúkọ ara rẹ̀, kó sì mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Wọ́n ní kò dáa fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14. Láti Kraków ló rọrùn láti dé ibẹ̀. Ẹni tó wà ní Berlin tó ní ọjọ́ kan péré, kó má dá a láṣà. Ojú ọ̀nà ni gbogbo ọjọ́ á parí sí.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò náà tún wà ńlẹ̀. Ní Auschwitz, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò níbi tí irun wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi tó kù, wọ́n gbà, àmọ́ ojú ló ń ti èèyàn fún àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà lórí ojú irin Birkenau. A ò sàn jù wọ́n lọ ṣá. Nígbà tí a lọ sí Badagry, àwọn kan nínú wa ń fi ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi de ẹrú ya sélífì, ẹ mọ ara yín.

Ní ẹnu ọ̀nà Dachau àti Auschwitz, àwọn Nazi kọ ọ́ pé iṣẹ́ ló ń sọni dòmìnira. Àwa tí wọ́n ń kọ́ ní ewì nípa iṣẹ́ láti kékeré lè kà á kọjá bí ọ̀rọ̀ gidi. Irọ́ ni wọ́n fi pa èèyàn. Wọ́n jí ilẹ̀kùn Dachau tó ní ọ̀rọ̀ yẹn lára gbé ní 2014. Ní Norway ni wọ́n ti rí i ní 2016.

Ibòmíràn tí mo máa ní kí èèyàn lọ ni Terezín, bíi 60 kìlómítà sí Prague. Àgọ́ tí ẹbi àti àìsàn ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn tó kù láti ibẹ̀ lọ sí Auschwitz. Friedl Dicker-Brandeis, tó jẹ́ ayàwòrán, kọ́ àwọn ọmọdé ibẹ̀ ní àwòrán yíyà. Kí wọ́n tó kó òun náà lọ sí Auschwitz, níbi tí wọ́n pa á sí ní 1944, ó kó àwòrán àwọn ọmọ náà sínú àpótí méjì, ó tọ́jú wọn pa mọ́. Ó lé ní 4,000: ilé, òdòdó, labalábá, tábìlì oúnjẹ. Mùsíọ́mù àwọn Júù ní Prague ló ń tọ́jú wọn báyìí. Ẹni tí kò bá ráyè dé Terezín lè rí díẹ̀ nínú wọn ní sínágọ́gù Pinkas láàárín ìlú, níbi tí wọ́n ti fi ọwọ́ kọ orúkọ àwọn Júù ilẹ̀ Czech tí wọ́n pa, nǹkan bí 80,000, sára ògiri láti òkè dé ilẹ̀.