Bí Ìṣirò Rédíò Ṣe Gba Cambridge Dé Akoka

Ní Akangba, ní Surulere, ibùdó kan wà tí iná mànàmáná alágbára ńlá máa ń gbà kọjá kó tó dé ojúlé wa. Gbogbo ẹ̀rọ amúnáwá tó so mọ́ gíríìdì, ti Kainji ni o, ti Egbin ni o, gbọ́dọ̀ jọ máa mì ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí wọn ò bá bára wọn rìn mọ́, gíríìdì dà wó nìyẹn. Ará Mushin mọ ìyókù: òkùnkùn.

Ìbéèrè nípa bí ohun kan tó ń mì ṣe ń fa èkejì mọ́ra ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1920, Balthasar van der Pol, onímọ̀ rédíò ará Netherlands, rí i pé bí ìgbì òde bá ń ti wáyà àti fáàfù rédíò, rédíò náà lè pa ìṣísẹ̀ tirẹ̀ tì, kó máa tẹ̀ lé ti àlejò. Nígbà míì, àlejò á ti mì lẹ́ẹ̀mẹta kí onílé tó mì lẹ́ẹ̀kan, bí agogo ṣe ń dún lẹ́ẹ̀kan lórí ìlù mẹ́ta. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń bọ̀, tí ẹ̀rọ radar sì ń ṣe ségesège, àwọn ológun ń bú àwọn tó ṣe é. Mary Cartwright àti J. E. Littlewood ní Cambridge ló fi hàn pé inú ìṣirò tí van der Pol kọ fún irú rédíò bẹ́ẹ̀ gan-an ni wàhálà náà wà.

Ọ̀dọ̀ Cartwright yìí ni Chike Obi, tí wọ́n bí sí Zaria ní 1921, ti kẹ́kọ̀ọ́. Ní 1950 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò. Ohun tó ń wá ni ìgbà tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ máa ń ní ojútùú tó ń yí po, tó sì ń padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé ìwádìí Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìṣirò ti London tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. James Ezeilo náà gba ọ̀nà kan náà lọ sọ́dọ̀ Cartwright, ó sì gba oyè tirẹ̀ ní 1959.

Ìṣèlú ló jẹ́ kí tilétoko mọ Obi. Ó dá ẹgbẹ́ Dynamic Party sílẹ̀ ní 1951. Ní 1961 wọ́n fẹ̀sùn ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ sí ìjọba kàn án nítorí ìwé pélébé kan tó kọ. Lọ́jọ́ ogbó, ó ní òun ti yanjú ìṣòro Fermat, ìṣòro ìṣirò àtayébáyé kan, lọ́nà kúkúrú, àmọ́ àwọn onímọ̀ kò gbà; Andrew Wiles ló ti yanjú rẹ̀. Ariwo Fermat yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn dì mú, ó sì bo iṣẹ́ gidi mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn kò dáa.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, Yunifásítì Èkó ní Akoka ni Obi ti ń kọ́ni, ibẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Ó kú ní 2008. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò tó wà ní Yaba lónìí, ẹ wá àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1950 kà; ti Fermat lè dúró ná.