Òkúta Kalambaina àti Àwọn Olùwádìí

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé Sókótó, sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ yín mọ Kalambaina mọ́. Láti ọdún 1967 ni ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ti ń lọ òkúta ẹfun. Ṣùgbọ́n nínú òkúta kan náà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti rí ìkarahun ẹ̀dá inú òkun, tí wọ́n fi mọ̀ pé omi òkun bo àgbègbè yìí ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 60 sẹ́yìn. Òkun ní Sókótó! Ta ni ìbá gbà á gbọ́?

Oríṣiríṣi ni ìwádìí tí wọ́n ń ṣe ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, tí a dá sílẹ̀ níhìn-ín ní 1975. Oòrùn tí ó ń fi ojú wa rí màbo, àwọn onímọ̀ físíìsì ń wá bí a ó ṣe sọ ọ́ di iná. Àwọn amòfin ń gbé òfin Gẹ̀ẹ́sì àti Ṣàríà yẹ̀ wò pọ̀; àwọn mìíràn ń tú ewì tí Nana Asma'u fi èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Haúsá kọ; àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ sì ń wá bí ọmọ darandaran yóò ṣe kàwé láì fi agbo màlúù sílẹ̀.

Lójú tèmi, kò yẹ kí a ti ọmọ tí ó fẹ́ràn òkúta sí ẹ̀kọ́ òfin nítorí pé bàbá rẹ̀ ń fẹ́ lọ́yà nílé. Kí ẹ tó bá a kọ fọ́ọ̀mù, ẹ bi í léèrè ohun tí ó wù ú láti wádìí.