Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Ilé Bá Kọ̀ Láti Jí

Nínú ilé púpọ̀ ní òde òní, kọ̀ǹpútà ti di àpótí tí a ń kó ohun iyebíye sí: àwòrán ìgbéyàwó, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ìwé ìṣirò owó, àti ohùn àwọn àgbà tí wọ́n ti lọ. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí a bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀ tí kò sì jí, jìnnìjìnnì a bo onílé. Jìnnìjìnnì yìí ni í máa mú kí á sáré gbé e tọ oníṣẹ́ lọ, kí onítọ̀hún sì nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ni ó yọ. Ẹ̀yin baba àti ìyá ilé, ẹ jẹ́ kí á kọ́ bí a ti í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́sẹẹsẹ.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ bí ó ti ń jí. Nígbà tí iná bá dé inú rẹ̀, ètò kékeré kan tí à ń pè ní BIOS, èyí tí UEFI ti rọ́pò nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun, a yẹ ara ẹ̀rọ náà wò. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá hard disk kàn, tí yóò sì pe Windows tàbí irú rẹ̀ mìíràn wá gba iṣẹ́. Bí a bá mọ ibi tí ìrìn yìí ti dúró, a ó mọ ibi tí àrùn wà.

Èkíní, iná. Bí a kò bá rí ìmọ́lẹ̀ kankan, tí fáànù kò sì yí, kí á fi gílóòbù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò, kí á sì ti wáyà wọlé dáadáa. Bí ó bá jẹ́ èyí tí à ń gbé ká ni, kí á yọ ṣájà rẹ̀, kí á tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀n 30 ìṣẹ́jú-àáyá, kí á tó tún ṣájà náà fi bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú àpótí tí ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì láé; iná a máa ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà, ó sì lè pa ènìyàn lára.

Èkejì, bí fáànù bá ń yí ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ má ṣe wí pé ó ti kú. Ó lè jẹ́ pé ojú-ìwòran ni a kò tàn. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ pẹ̀lú: bí ó bá ń ké píì, píì léraléra, ìráhùn ni. Lọ́pọ̀ ìgbà RAM ni ó mì kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lè yọ wáyà iná kúrò, kí ó fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ náà, kí ó yọ RAM, kí ó sì tún un tì bọ̀ ọ́ títí yóò fi dún kọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá kọ ọ́ sójú pé òun kò rí hard disk, ẹ kọ́kọ́ yọ fláàṣì tí a lè ti gbàgbé sí i lára. Bí ọjọ́ àti ọdún tí ó ń fihàn bá ti ṣáko sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí bátìrì pẹlẹbẹ bí owó wẹ́wẹ́ tí ń bẹ nínú rẹ̀ ti tán. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, CR2032 ni orúkọ rẹ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 3 fólítì. Ṣùgbọ́n bí hard disk bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì ṣe tún un tàn; títàn kọ̀ọ̀kan lè ba ohun tí ó kù jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jí dé ìdajì kí ó tó dúró, ó lè jẹ́ ètò inú rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn, kì í ṣe ara. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, àtúnṣe kan tí ó ní àbùkù láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ CrowdStrike mú kí nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows káàkiri ayé kọ̀ láti jí. Kò sí ohun tí ó fọ́ lára wọn. Yíyọ fáìlì kan kúrò ni ó wo ọ̀pọ̀ nínú wọn sàn. Àwọn tí a fi BitLocker tì ni ó béèrè kọ́kọ́rọ́ onídíjíìtì 48. Ẹ wádìí bóyá ti yín ní irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ pamọ́ sí ibòmíràn. Kí á tó nu ohunkóhun, kí á dán Startup Repair àti Safe Mode wò.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ó di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́. Ẹ wí fún un ní gbangba pé, “Má ṣe nu inú rẹ̀ títí ìwọ yóò fi da ohun tí ó wà níbẹ̀ kọ.” Kọ̀ǹpútà tí kò jí kò wí pé àwòrán yín ti sọnù, lọ́pọ̀ ìgbà, a lè yọ hard disk náà, kí á sì kà á lára ẹ̀rọ mìíràn. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti da tirẹ̀ kọ sí ibòmíràn kí àìsàn tó dé ni ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ jù lọ.