Nígbà tí Ajá Ilé Bá Sọnù

Láti ayébáyé ni ajá ti jẹ́ alábàágbé ọmọ Yorùbá. Òun ni ó ń ṣọ́ ilé lóru, òun ni ó ń bá ọdẹ wọ igbó. Àwọn àgbà a sì máa fi orúkọ rẹ̀ pa òwe ránṣẹ́ sí aládùúgbò tí kò fẹ́ràn wọn. Ẹran tí a sọ lórúkọ, tí a ń pè tí ó sì ń jẹ́, ti kúrò ní ohun ọ̀sìn lásán. Ó ti di ará ilé. Nítorí náà, bí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá sọnù, ọkàn ẹnikẹ́ni kì í balẹ̀, àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn jù.

Asese, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ibi tí a ti lè rí bí wíwá ajá ti ṣòro tó. Ìlú náà wà ní àgbègbè Ibafo àti Mowe, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 1978. Oko àti abúlé ni ó pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, ilé tuntun, ilé tí a kò tíì kọ́ parí àti igbó kéékèèké ni ó wà pọ̀. Ajá tí ó bá jáde níbẹ̀ lè gba ọ̀nà púpọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọmọ ìyá mẹ́ta fi lè máa wá ajá kan ṣoṣo pẹ̀lú èrò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àkọ́bí, tí a máa ń rán níṣẹ́ kọjá títì, yóò ní ọkọ̀ ni ó pa ajá náà. Èrò rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ajá kò mọ ìwọ̀n eré ọkọ̀, iná ọkọ̀ a sì máa bò ó lójú lóru. Àwọn àgbà pàápàá kì í gbàgbé pé ajá ni Ògún ń jẹ, àti pé Ògún ni ó ni irin.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò ní olè ni ó gbé e. Èyí náà lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ajá tí ó dára ń mú owó wá, ibi púpọ̀ sì wà ní Nàìjíríà tí a ti ń jẹ ẹran ajá. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Bí a bá pe aládùúgbò ní olè, tí ajá sì padà dé ní ọjọ́ kejì, ajá ti dé, ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ ti lọ.

Àbíkẹ́yìn ní tirẹ̀ yóò ní kí wọ́n fara balẹ̀, ajá yóò fúnra rẹ̀ padà wálé. Òótọ́ wà nínú èyí pẹ̀lú. Abo ajá sábà máa ń wá akọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Akọ tí ó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ lè fi ilé sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó sì tún padà. Ṣùgbọ́n ajá tí ààrá tàbí báńgà ọdún Kérésìmesì bá lé sá kì í wo ibi tí ó ń lọ. Òwe sì sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ọgbọ́n kò wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Kí àkọ́bí bá àgbàlagbà lọ wo etí títì. Kí èkejì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn tí ń pàtẹ ọjà, kí ó máa sọ àwọ̀ ajá náà àti àmì ara rẹ̀ láì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Kí àbíkẹ́yìn dúró nílé, kí ó gbé oúnjẹ àti aṣọ tí ajá náà ń sùn lé síta, kí ó sì máa pe orúkọ rẹ̀. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ariwo kò pọ̀, ni ìpè dára jù. Ìtòsí ni kí a sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ajá tí ẹ̀rù bà a máa sápamọ́ sínú gọ́tà tàbí ilé tí a kò tíì kọ́ parí.

Ohun tí ó sábà máa ń ba ìwákiri jẹ́ ni ẹ̀bi. Ọmọ tí ó fi géètì sílẹ̀ ní ṣíṣí yóò pa á mọ́ nítorí ẹgba, a kò sì ní mọ wákàtí tí ajá jáde. Bí òbí bá wá ẹlẹ́bi kí ó tó wá ajá, ẹlẹ́bi nìkan ni yóò rí.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ pàtàkì kan. Ajá tí ó rìn kiri lè ti bá ajá onídìgbòlugi jà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún kárí ayé, ajá sì ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ràn wọ́n. Ó lè tó oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìgéjẹ kí àrùn náà tó farahàn. Bí ó bá sì ti farahàn, ó ṣọ̀wọ́n kí aláìsàn tó yè é. Láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur ará Faransé kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gba ọmọdékùnrin kan tí ajá gé jẹ, ni ọ̀nà àbò ti wà. Nítorí náà, kí a yẹ ara ajá tí ó padà wálé wò, kí a sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bí ó bá gé ọmọ kan jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí kò bẹ̀rù láti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ géètì ni kò ní bẹ̀rù láti fi ojú ọgbẹ́ han òbí rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ilé tí olúkúlùkù ti lè sọ èrò rẹ̀, tí a sì ń gbọ́ ti èyí àbúrò bí a ti ń gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n, ni ohun tí ó sọnù ti ń tètè di rírí.