Yíyan Fọ́kílíìfù fún Ilé Ìkẹ́rùsí: Oní-tọ́ọ̀kù Kọ̀nfátà tàbí Oní-háídírósítátíìkì?

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ìbéèrè tí ó máa ń dojú kọ ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ra fọ́kílíìfù bíi mẹ́wàá pa pọ̀: irú èwo ni kí a rà? Nínú oríṣi méjèèjì, epo ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ọ̀dọ̀ táyà. Ọ̀nà tí epo náà ń gbà ṣe é ni ó yàtọ̀.

Tọ́ọ̀kù kọ̀nfátà ni ó ti pẹ́ jù. Hermann Föttinger, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, ni ó gba ìwé àṣẹ olùṣẹ̀dá lórí rẹ̀ ní ọdún 1905, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ní lọ́kàn. Abẹ̀bẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí a máa da epo lu abẹ̀bẹ̀ kejì tí ó so mọ́ jíà. Abẹ̀bẹ̀ kejì yìí kì í sáré tó ti àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ eré wọn a sì di ooru. Dísù tí a fowó rà ni ó ń ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Háídírósítátíìkì kò ní jíà tí a ń pààrọ̀. Pọ́ǹpù ni ó ń fi ipá ti epo lọ sínú mọ́tò tí ó ń yí táyà. Bí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, epo náà ni yóò dá ọkọ̀ dúró, bíréèkì kì í sì í tètè jẹ. Níbi tí a ti ń já ẹrù inú kọ̀ǹténà, tí ọkọ̀ ń lọ síwájú sẹ́yìn láti àárọ̀ di alẹ́, àǹfààní yìí kì í ṣe kékeré. Bí ìrìn bá gùn, ó dín kù.

Owó rẹ̀ ga jù, epo rẹ̀ kò sì fẹ́ ìdọ̀tí rárá. Ẹni tí kò lè máa pààrọ̀ fílítà lásìkò, pàápàá nínú eruku ọyẹ́, kí ó ra tọ́ọ̀kù kọ̀nfátà tí mẹkáníìkì àdúgbò mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ní tèmi, ohun tí ó burú jù ni dída méjèèjì pọ̀ láìkọ́ awakọ̀. Nínú fọ́kílíìfù oní-háídírósítátíìkì ti Linde tí ó ní pẹ́dà ìrìn méjì, ti ọ̀tún ń gbé ọkọ̀ lọ síwájú, ti òsì ń gbé e padà sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ oní-tọ́ọ̀kù kọ̀nfátà, pẹ́dà òsì ni a fi ń rọra dúró. Awakọ̀ tí ó bá gbàgbé èyí tí ó wà lórí rẹ̀, tí ó tẹ òsì láti dúró, ẹ̀yìn ni yóò gbà, ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní mọ̀ tẹ́lẹ̀.