Ẹja Tí A Pa Tí A Kò Gbọdọ̀ Pa

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé géńdé ọkùnrin kan jí ní agogo márùn-ún ìdájí, nínú òtútù tí ń mú kí omi dì, pé ó ru ẹrù lọ sí etí odò, ó jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó mú ẹja tí ó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì tún dá a padà sínú odò, ó wá ń bọ̀ nílé lọ́wọ́ òfo, kí ni ẹ ó wí sí i? Ohun tí ìyàwó mi wí náà ni ẹ ó wí. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, ṣé ara yín yá ṣá?"

Ara mi yá. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀kọ́ nínú, ó sì ní ìtìjú tèmi nínú pẹ̀lú.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Mo kàwé jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, mo sì ṣe iṣẹ́ tíṣà nílé fún ọdún díẹ̀ kí n tó wá sí Ìlú Ọba. Norwich, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò báyìí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àbúrò bàbá mi a máa mú mi lọ sí etí odò Ògùn láti fi ìwọ̀ pa àrọ̀. Ekòló ni ìjẹ wa. Òfin kan ṣoṣo ni ó fi kọ́ mi: "Bí okùn bá mì, má ṣe kánjú. Jẹ́ kí ó gbé e mì ná." Òfin yìí ṣiṣẹ́ fún wa púpọ̀, nítorí inú ìkòkò ni àrọ̀ wa ń lọ. Bí ìwọ̀ kọ́ ọ lẹ́nu, bí ó kọ́ ọ nífun, bákan náà ni lójú obìnrin tí ń se ọbẹ̀. N kò mọ̀ pé òfin náà ni yóò dójú tì mí ní ilẹ̀ òkèèrè.

ỌJỌ́ TÍ OJÚ TÌ MÍ

Bàbá aláwọ̀ funfun kan wà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa. Káfíńtà ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó mú mi lọ sí odò Thurne, nítòsí Potter Heigham, níbi tí afárá òkúta àtijọ́ kan wà, kí n lọ wo bí wọ́n ti ń mú ẹja tí wọ́n ń pè ní páìkì. Ó fún mi ní ọ̀pá ìwọ̀ kan, ó fi ààbọ̀ ẹja ṣàwá sí i, ó ní bí mo bá ti rí i pé kọ́ọ̀kì tí ó léfòó lójú omi bẹ̀rẹ̀ sí rìn, kí n fà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ tọ́jú ọ̀pá tirẹ̀ níwájú díẹ̀.

Kò pẹ́, kọ́ọ̀kì náà mì, ó dùbúlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Bàbá kígbe, "Fà á!" Ṣùgbọ́n ohùn àbúrò bàbá mi ni mo ń gbọ́ létí. Mo dúró. Mo ka ení, mo ka èjì, títí mo fi ka ọgọ́ta. Nígbà tí mo fà á, ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ, ẹja náà sì fi agbára rẹ̀ hàn mí. Nígbà tí a fi àwọ̀n gbé e sókè, mo hó ìhó ayọ̀. Pọ́n-ùn 18 ni ìwọ̀n rẹ̀.

Ayọ̀ mi kò tọ́jọ́. Bàbá la ẹnu ẹja náà, kò rí ìwọ̀. Wáyà ti wọ inú ọ̀fun lọ, ìwọ̀ méjèèjì sì ti kọ́ ọ nífun. Ó kúnlẹ̀ sínú koríko tútù, ó lo ẹ̀mú, ó lo ọgbọ́n, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Nígbà tí ó yọ wọ́n tán, ó gbé ẹja náà sínú omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e ró bí ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ìdúró. Ó lé ní ààbọ̀ wákàtí tí ó fi wà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti pọ́n bí ata nínú òtútù. Nígbà tí ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹja náà yí ikùn funfun sókè.

Bàbá kò bú mi. Ì bá sàn kí ó bú mi. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: "Abo ni. Ó ṣeé ṣe kí ó ti wà nínú odò yìí kí àwọn ọmọ tí o ń kọ́ tó mọ̀wé í kà."

A kò tilẹ̀ lè gbé òkú rẹ̀ lọ sílé fún ọbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ènìyàn mú ju páìkì kan lọ kúrò nínú odò lóòjọ́, ọ̀kan náà kò sì gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 65 lọ. Èyí tí mo pa gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹja tí kò lè yè, tí a kò sì lè jẹ, kí ni a ó pe irú èyí bí kò ṣe òfò?

Ọjọ́ náà ni mo ronú kan ọ̀rọ̀ èdè wa. Àwa a máa ní a lọ "pẹja". Pípa wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tí ń wá páìkì, mímú ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, dídá padà láàyè sì ni ìparí rẹ̀. Bàbá ní bí mo bá tún fẹ́ bá òun lọ, n kò ní fọwọ́ kan ọ̀pá mọ́ títí n ó fi mọ bí a ti ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja. Mo gbà. Èmi tíṣà di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo ń ru àwọ̀n, mo ń gbé tìmùtìmù. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

IRÚ ẸJA TÍ Í ṢE

Páìkì gùn gbọọrọ. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, pẹ̀lú àmì tótòtó tí ó mọ́ díẹ̀ ju ara lọ. Ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti pẹ́pẹ́yẹ. Eyín ńlá wà ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, eyín wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà sì wà ní àjà ẹnu, gbogbo wọn dagun sẹ́yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó bá wọlé kò fi lè jáde bọ̀rọ̀. Kì í sáré lépa oúnjẹ kiri. Yóò lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko odò bí ológbò, yóò sì ta lu ẹja kékeré tí ń kọjá.

Abo ni ó máa ń tóbi jù. Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú àkọsílẹ̀ Ìlú Ọba, Lloyd Watson ni ó mú un ní Chew Valley Lake, nítòsí Bristol, ní oṣù kejì ọdún 2024. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 47 àti áúnsì 5. Ó sì dá a padà sínú omi.

Ẹja kan wà ní àwọn odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó jọ ọ́ lójú, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é ní páìkì ti Áfíríkà. Hepsetus odoe ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ìrísí ni wọ́n fi jọra. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

IBI TÍ A TI Ń RÍ I, ÀTI ÌGBÀ RẸ̀

Lágbègbè tiwa, àwọn adágún tí wọ́n ń pè ní Broads ni ilé páìkì: Hickling Broad, Heigham Sound, Horsey Mere, àti odò Thurne tí ó so wọ́n pọ̀. Àwọn ènìyàn ti rò pé Ọlọ́run ni ó gbẹ́ àwọn adágún wọ̀nyí, títí Joyce Lambert fi fi hàn láàárín ọdún 1950 sí 1960 pé kòtò ni wọ́n, tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ láti wa ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń sá gbẹ fi dáná, kí omi tó kún ibẹ̀. Ní Horsey Mere ni Peter Hancock ti mú páìkì pọ́n-ùn 40 àti áúnsì 1 ní ọdún 1967. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ohun wẹ́wẹ́ kan tí ojú lásán kò lè rí tú májèlé sínú omi ibẹ̀, ẹja sì kú lọ bẹẹrẹ. Ẹ rí i pé ẹja tí a ń sọ yìí kì í ṣe ohun tí kò lè tán. Àwọn tí ó wà ní Scotland a máa lọ sí Loch Lomond, àwọn ará Ireland a sì máa lọ sí Lough Derg.

Ibi yòówù tí ẹ bá lọ, ẹ wá ẹja kékeré, ẹ ó rí páìkì. Nígbà òtútù, àwọn ẹja kékeré a máa kó jọ sí ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́, páìkì a sì tẹ̀lé wọn lọ síbẹ̀ bí olè ti ń tẹ̀lé ọjà.

Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, òfin kò gbà kí á mú irú ẹja bẹ́ẹ̀ nínú àwọn odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọlọgbọ́n kì í tilẹ̀ wá páìkì nínú ooru, nítorí atẹ́gùn inú omi gbígbóná kò tó; ẹja tí ó bá jà títí tí ó rẹ̀ lè kú lẹ́yìn tí a bá dá a padà. Oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni ìgbà rẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé ìwé àṣẹ ìwọ̀. Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọdọ̀ ní i. Owó ìtanràn ẹni tí kò ní lè tó £2,500. Ẹ tún gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni etí omi.

OHUN ÈLÒ

Ọ̀pá tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 dára. Okùn kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ẹrù tí kò tó pọ́n-ùn 15 lè fà já. Láàárín okùn àti ìwọ̀, ẹ fi wáyà sí i, ó kéré tán kí ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, nítorí eyín páìkì a máa gé okùn lásán bí abẹ. Bí okùn bá já, ẹja náà yóò gbé ìwọ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré tí ó wà lẹ́yìn ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè rọrùn láti yọ. Ṣàwá, sàdíìnì àti ẹja tí a ń pè ní Titus nílé ni ìjẹ rẹ̀.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kì í kà sí ni ó ṣe pàtàkì jù: àwọ̀n fífẹ̀, tìmùtìmù tí a ń tẹ́ ẹja lé, ẹ̀mú gígùn, àti ẹ̀mú mìíràn tí ó lè gé irin. Bí ẹ̀mú gígùn kò bá sí nínú àpò yín, ẹ padà sílé.

BÍ A TI Ń DÌ Í MÚ

Èkíní, bí kọ́ọ̀kì bá ti rìn, ẹ fà á. Ẹ má ka ọgọ́ta bí tèmi.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ẹja sinmi nínú àwọ̀n, nínú omi, títí gbogbo nǹkan yóò fi wà ní sẹpẹ́. Ẹ da omi sí tìmùtìmù, ẹ sì rẹ ọwọ́ yín, nítorí ohun yíyọ̀ tí ó bo ara ẹja ni aṣọ tí ń gbà á lọ́wọ́ àrùn. Ọwọ́ gbígbẹ a máa bó o.

Ẹ̀kẹta, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ tì í. Ẹ ki ìka bọ abẹ́ ìdérí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, kí ìka yín máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun àgbọ̀n lọ síwájú, títí yóò fi dé ibi tí egungun méjèèjì ti pàdé. Ẹ ṣọ́ra fún ohun pupa tí ó fi ń mí; ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Bí ẹ bá dì í mú bẹ́ẹ̀ tí ẹ gbé orí rẹ̀ díẹ̀, ẹnu yóò là fúnra rẹ̀. Ẹ̀mú ni kí ó wọ ẹnu náà, kì í ṣe ọwọ́ yín. Bí ìwọ̀ bá jìn, ẹ̀mú lè gba ihò ẹ̀gbẹ́ orí wọlé, pẹ̀lú sùúrù. Bí kò bá sì gbọ́, ẹ gé irin ìwọ̀ náà sí wẹ́wẹ́.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀ ró. Ẹ má so ó rọ̀ ní àgbọ̀n. Kí ẹ sì ṣe kíá. Ẹ di èémí yín mú. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ mí, ẹja náà ti ń fẹ́ mí tipẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má jù ú sómi bí òkò. Ẹ gbé e ró nínú omi, kí ikùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ yín.

Ní ti ara yín: bí eyín rẹ̀ bá gé yín, ẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ sì dì í. Ìtọ̀ èkúté tí ó wà nínú omi odò a máa fa àìsàn líle. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, bí ibà bá sì mú yín ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ lọ sí odò.

BÍ Ó TI PARÍ

Nínú oṣù kejì ọdún 2025, Bàbá tún fún mi ní ọ̀pá. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń wò mí. Kọ́ọ̀kì rìn, mo fà á. Páìkì pọ́n-ùn 14 ni. Ìwọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ gbọnrangandan. N kò lò tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi yọ ọ́. Mo gbé e ró nínú omi. Ó dúró jẹ́ẹ́ ní ọwọ́ mi, lẹ́yìn náà ó ju ìrù, ó da omi sí mi lójú, ó sì lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó kí ọ."

N kò ní sọ pé òfin àbúrò bàbá mi burú. Ẹni tí ń wá ọbẹ̀ ni ó ni òfin náà, ó sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó bá ní òun yóò dá ẹja padà, kí ó dá a padà láàyè.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi bèèrè, "Ẹja dà?" Mo ní, "Ó wà nílé rẹ̀." Ó pòṣé. Ó ṣí àpótí oníyìnyín, ó rí Titus méjì tí mo rà fún ìjẹ tí n kò lò. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí kò ní padà sódò." Ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà dùn púpọ̀.