Ìyípadà ẹ̀dá ìtàn nínú ìwé eré fíìmù

Ẹ̀dá ìtàn ni ẹni tí òǹkọ̀wé eré fíìmù ṣẹ̀dá láti gbé ìtàn ró. Ìyípadà ẹ̀dá ìtàn ni bí ìwà tàbí òye rẹ̀ ṣe ń yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin. Ìpinnu tí ó ṣe nígbà ìṣòro ni ó máa ń fi ìyípadà yìí hàn jù lọ.

Ó yẹ kí òǹkọ̀wé mọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn ń wá, ohun tí ó ṣe aláìní gan-an, àti ohun tí ó dínà mọ́ ọn. Bí àpẹẹrẹ, kí a ronú alábàárù kan tí ó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Apápá. Owó ni ó ń wá. Iyì ni ó ṣe aláìní. Bí àwọn olè bá fi owó lọ̀ ọ́ kí ó lè dákẹ́ lórí ẹrù tí wọ́n jí, ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi irú ẹni tí ó ti dà hàn.

Nínú fíìmù Eyimofe (2020), tí Chuko Esiri kọ, tí òun àti Arie, ìkejì rẹ̀, sì jọ darí, Mofe àti Rosa fẹ́ kúrò ní Èkó lọ sí Yúróòpù. Mofe pàdánù arábìnrin rẹ̀. Rosa fi ọmọ inú àbúrò rẹ̀ dúnàádúrà nítorí ìrìnnà. Kò sí èyí tí ó lọ nínú wọn. Síbẹ̀, wọn kì í ṣe ẹni àná mọ́.